Ṣọ́ọ̀bù Àwo Orin Wo Ni Kí Ẹ Yà? Ìfiwéra Irú Mẹ́rin àti Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Wọ́n Wò

Ṣọ́ọ̀bù kan lè ní àwo 800 péré, kó sì jẹ́ pé kò sí èyí tí kò ṣeé gbọ́ nínú wọn. Òmíràn lè kó 20,000 jọ, kí ẹ fi odindi ọjọ́ kan gbọn eruku kí ẹ tó rí méjì tó wúlò. Àwọn méjèèjì ló ní ẹni tí wọ́n dára fún. Ohun tó sábà máa ń sọ ìrìn àwo rírà di asán ni pé èèyàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó dára, ṣùgbọ́n tí kì í ta irú ohun tí ó ń wá. Ìdí nìyẹn tí a fi to irú ṣọ́ọ̀bù aládàáni mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí. A ó pẹ́ lórí àwo àlòkù ju ìyókù lọ, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù, ibẹ̀ náà la sì ti ń mọ oníṣọ́ọ̀bù tó ṣeé fọkàn tán.

| | Àwo tuntun | Àwo àlòkù | Irú orin kan ṣoṣo | Àpótí orí ìsọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ohun tó ń pinnu owó | Iye tí alágbàtà gbé e wá | Ipò àwo àti bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó | Ìmọ̀ ẹni tó ń tà á | Ìdúnàádúrà |
| Ewu tó wà níbẹ̀ | Àbùkù láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ | Sítíkà tó yin àwo ju bó ṣe rí lọ | Owó gọbọi lórí títẹ̀ àkọ́kọ́ (ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde) | Ìlà orin (ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀) tó ti jẹ tán |
| Gbígbà padà | Ó wọ́pọ̀ bí àbùkù bá wà | Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó | Ó wà lọ́wọ́ àdéhùn | Kò sí |
| Gbígbọ́ kí a tó rà | Kò wọ́pọ̀ | Ó yẹ kó wà | Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan | Kò wọ́pọ̀ |
| Àkókò tí ẹ nílò | Ìdajì wákàtí | Wákàtí 2 sí 4 | Wákàtí 1 | Àárọ̀ kùtù, kí ẹlòmíì tó dé |

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló pa irú méjì pọ̀: tuntun níwájú, àlòkù lẹ́yìn. Ẹ fi òṣùwọ̀n tó bá apá kọ̀ọ̀kan mu wò ó. Iwájú tó ń dán kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀yìn.

Ṣọ́ọ̀bù àwo tuntun

Ní ọdún 2022, iye ẹyọ àwo vinyl (àwo oníke tí à ń fi abẹ́rẹ́ gbọ́) tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kọjá ti CD fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1987. Láti ìgbà tí ọjà yìí ti sọjí, kò ṣòro mọ́ láti rí àwo tuntun rà. Ohun tó kù láti wò ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó ń tà á.

Ẹ má pẹ́ lórí iye owó. Èrè orí àwo tuntun kò pọ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré kò sì lè já owó púpọ̀ kúrò kó má jẹ gbèsè. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọjà. Àwo gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Èyí tó fẹ̀gbẹ́ ti nǹkan fún oṣù mélòó kan yóò tẹ̀. Bí àpótí bá há débi pé ẹ ní láti fa àwo yọ tipátipá, páálí ń ha ara wọn lójoojúmọ́ nìyẹn; ó yẹ kí àyè ìka méjì tàbí mẹ́ta ṣẹ́ kù nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá sì ń ti ojú fèrèsé wọlé bá àwọn àwo tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ má ra ìyẹn. Ooru tí yóò rọ vinyl kò tó ti omi híhó rárá.

Àwo tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí lè ní àbùkù. Mẹ́rin ló wọ́pọ̀, ó sì yẹ kí ẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ọ̀kan wà tí ẹ lè tọ́jú fúnra yín, mẹ́ta sì wà tó yẹ kí ẹ dá padà. Èkíní, ihò àárín lè má sí láàárín gan-an. Ẹ ó rí i tí apá abẹ́rẹ́ ń fì sọ́tùn-ún fì sósì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ohùn dùùrù tó yẹ kó dúró gbọin yóò sì máa lọ sókè sódò. Èkejì, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e lè fún un jù kí àwo tẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ gbé páálí sí ìbámu ojú kí ẹ wo etí rẹ̀ bí ẹni ń wo pákó. Bí páálí bá ti ká, àwo inú rẹ̀ náà ti ká. Ẹ̀kẹta ni kí vinyl má kún inú ìlà orin dáadáa nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí aṣọ ń ya, láti inú sípíkà kan ṣoṣo, ní ibi kan náà nígbà gbogbo, fífọ̀ kò sì lè wò ó sàn. Ẹ̀kẹrin ni ìdọ̀tí bébà láti àpò inú, tó ń ta pàrà-pàrà káàkiri. Èyí yóò lọ bí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé, "Bí mo bá ṣí i nílé tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín, ṣé ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni mo sì ní?" Ṣọ́ọ̀bù tó mọ iṣẹ́ yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "tuntun kì í bàjẹ́" ti sọ fún yín pé òun kò ní gbà á padà.

Ẹ ó rí sítíkà "180 gíráàmù" lára ọ̀pọ̀ àwo tuntun. Àwo 12 ínṣì lásán sábà máa ń wọn gíráàmù 120 sí 140. Ìwúwo yẹn kò sọ orin di dídùn. Ibi tí wọ́n ti mú orin tí wọ́n gé sára àwo náà àti ọwọ́ ẹni tó gé e ló ń pinnu ohùn. Àwo gíráàmù 130 tí a gé dáadáa láti ara téèpù àkọ́kọ́ yóò gba iwájú lọ́wọ́ 180 tí a ṣe láti ara fáìlì tí kò dára. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí bóyá wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti mú orin náà. Ilé-iṣẹ́ tó fi téèpù àkọ́kọ́ ṣe é kì í dákẹ́ nípa rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àwo àlòkù: lẹ́tà tó wà lára sítíkà

Òṣùwọ̀n tí à ń pè ní Goldmine, orúkọ ìwé ìròyìn àwọn akójọ-àwo ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò. Láti òkè wá sílẹ̀: M, NM, VG+, VG, G+, G, F, P. M ni èyí tí abẹ́rẹ́ kò kàn rí. NM fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bíi tuntun. VG+ ní ìhá fẹ́ẹ́rẹ́ tí etí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. VG ń dún pàrà-pàrà níbi tí orin bá ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò bo orin mọ́lẹ̀. G ni ó ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ. Lẹ́tà náà dúró fún "dára" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ àwo tó ti jẹ, tí ariwo ń bá orin dọ́gba, ni ó ń tọ́ka sí. Ní Bìrìtìkó, àwọn kan ń lo EX (Excellent) ní ipò kejì, VG wọn sì lè má bá VG ti Goldmine dọ́gba. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù àlòkù ni pé òṣùwọ̀n ta ni wọ́n ń lò. Bí ẹ bá sì rí "VG+/VG", àwo ni ti àkọ́kọ́, páálí ni ìkejì.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni owó. Nínú ìṣirò Goldmine, bí NM bá jẹ́ 100, VG+ jẹ́ nǹkan bíi 50, VG nǹkan bíi 25, G sì wà láàárín 10 sí 15. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: sítíkà tó fi ìpele kan ṣoṣo yin àwo jù ti sọ owó yín di ìlọ́po méjì. Ẹni tó fi VG pe VG+ kò purọ́ púpọ̀ lójú ara rẹ̀, àmọ́ ìdajì owó yín ti lọ.

Ẹ má gba sítíkà gbọ́ kí ẹ tó yọ àwo náà. Etí àti bébà àárín nìkan ni ọwọ́ ń kàn. Ẹ gbé e sábẹ́ iná kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè fẹ̀gbẹ́ kọjá lójú rẹ̀. Iná gbọọrọ inú àjà máa ń bo ìhá mọ́lẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì inú fóònù dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìhá tó gba inú ìlà orin kọjá níbùú yóò máa ta "pó" ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Lórí àwo tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.8. Èyí tó ń tẹ̀lé ìlà orin lọ gbọọrọ léwu jùyẹn lọ, torí ó lè ti abẹ́rẹ́ sínú ìlà mìíràn, kí orin há sójú kan tàbí kó fò. Bí èékánná tó kàn án wẹ́rẹ́ bá mọ̀ ọ́n, etí náà yóò gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ihò àárín. Ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó ń ràn yí ihò náà ká lójú bébà ni àpẹẹrẹ ọwọ́ tó ń wá ojú ihò. Bí wọ́n bá pọ̀, àwo náà ti ṣiṣẹ́ gan-an, kódà kó má ní ìhá kankan.

Èyí tó ṣòro jù láti rí ni ìlà orin tó ti jẹ. Abẹ́rẹ́ tó ti kú tàbí apá tó wúwo jù ló ń fà á. Ojú àwo yóò ṣú bí eérú níbi tí orin ti le, pàápàá sún mọ́ ìparí, níbi tí ìlà ti fún pọ̀. Àwo bẹ́ẹ̀ lè máa dán, kó má ní ìhá, kí ohùn olórin àti fèrè sì máa ya lórí rẹ̀. Kò sí omi tó lè fọ èyí. Etí nìkan ló ń mú un, ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé ṣọ́ọ̀bù àlòkù tí kò ní ẹ̀rọ àwo fún oníbàárà ti já ohun pàtàkì gbà lọ́wọ́ yín.

Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ, ẹ má gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ẹ ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sí orin tó gbẹ̀yìn, ní ibi tó pariwo, lẹ́yìn náà sí ibi tó rọlẹ̀ jù. Ìṣẹ́jú méjì ti tó fún ojú kan. Ẹ tún fojú wo abẹ́rẹ́ wọn: èyí tí eruku ti dì mọ́ lórí bí òwú yóò fi ẹ̀sùn kan àwo tí kò ṣẹ̀, yóò sì tún bà á jẹ́.

Ohun méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ọ̀kan ni àpò ọ̀rá tó nípọn tó sì rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi PVC ṣe. Bí ó bá pẹ́ lára àwo nínú ooru, ó máa ń fi kùrukùru funfun sílẹ̀ tí fífọ̀ kì í mú kúrò. Èkejì ni èbu, àwọn àmì funfun tó ń rùn bí inú ilé tí omi ti wọ̀. Òun lè lọ bí wọ́n bá tètè fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ má gbé e sáàárín àwọn àwo yín nílé kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ tí ń fọ àwo, tó sì ń fọ̀ wọ́n kó tó lẹ sítíkà, yẹ fún àfikún owó díẹ̀.

Ní ti páálí, ẹ wo ìsàlẹ̀ àti òkè bóyá ó ti là, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá àwo inú ti tẹ òrùka sí i, kí ẹ sì rí i dájú pé àwo inú ni orúkọ ẹ̀yìn páálí. A máa ń rí páálí kan pẹ̀lú àwo mìíràn ju bí ẹ ti rò lọ. Igun tí wọ́n gé tàbí ihò tí wọ́n lu sára páálí kì í ṣe ìbàjẹ́ oníbàárà. Ilé-iṣẹ́ ló fi ṣe àmì sí ọjà tí wọ́n tà ní ẹ̀dínwó.

Títẹ̀ àkọ́kọ́ àbí àtúntẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló ń yà ṣọ́ọ̀bù irú orin kan ṣoṣo kúrò lára àwọn yòókù. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àkọ́kọ́ àti àtúntẹ̀ orin kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ẹni tó lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn. Àmì tó ń fi wọ́n hàn wà ní àyè dídán tó wà láàárín ìparí orin àti bébà àárín, níbi tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà àti lẹ́tà kéékèèké. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wá a lórí Discogs, ibi ìkójọ ìsọfúnni nípa àwo lórí ayélujára tó ti wà láti ọdún 2000, kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Páálí lè jọ ara wọn fún ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn kì í sábà parọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin lásán, àtúntẹ̀ tó dára ní NM sàn ju àkọ́kọ́ tó wà ní VG lọ, owó rẹ̀ sì sábà kéré. Bí ẹ bá ń kó o jọ, àkọ́kọ́ ló tọ́, àmọ́ ẹ san owó ipò tó wà, ẹ má san owó orúkọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú: páálí tí àwòrán rẹ̀ ṣú bí ohun tí wọ́n ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀, tí kò sí àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀.

Bí owó ṣọ́ọ̀bù bá ju iye tí ẹ rí lórí Discogs lọ, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà kan náà àti ipò kan náà ni ẹ ń fi wéra. Ẹ tún rántí pé kò sí owó ìfiránṣẹ́ nínú ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì ti fojú yín rí i.

Àpótí orí ìsọ̀

Ibí ni owó ti kéré jù, ibí náà la sì ti ń rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ iyì rẹ̀. Kò sí lẹ́tà ipò, kò sí gbígbà padà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ tó mọ́ dání, ẹ sì mú àpò tó le: àwo 20 pẹ̀lú páálí lè wọn kìló 5.

Ẹ ó bá àwọn àwo tó wúwo tó sì ń fọ́ bí àwo ìjẹun pàdé. Shellac ni ìyẹn, tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Òun ló gbòde kí ilé-iṣẹ́ Columbia tó gbé LP (àwo ńlá tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdámẹ́ta) jáde ní 1948, kí ilé-iṣẹ́ RCA Victor sì tó gbé èyí tó ń yí ní ìgbà 45 jáde ní 1949. Ẹ má fi ọtí fọ̀ ọ́, ọtí ń yọ́ shellac. Ẹ má sì lo abẹ́rẹ́ LP fún un, torí ìlà rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Abẹ́rẹ́ tó bá a mu fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti LP.

Bí a ṣe ń ṣe àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù

Àgbéyẹ̀wò tó sọ pé "ibẹ̀ rẹwà, àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọ̀yàyà" kò ran ẹni tó fẹ́ rà lọ́wọ́. Ẹ yan ọjọ́ lásán, kí ẹ tún padà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má lọ ní Record Store Day, ètò ọdọọdún àwọn ṣọ́ọ̀bù àwo aládàáni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2008 tó sì máa ń wáyé ní oṣù Kẹrin. Ọjọ́ ìlà gígùn ni, ṣọ́ọ̀bù kò sì ní ọwọ́ nínú iye àwo àkànṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá bínú pé ohun tí òun fẹ́ ti tán lọ́jọ́ náà ń dá ṣọ́ọ̀bù lẹ́bi ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ni àyẹ̀wò àwo márùn-ún. Ẹ mú àlòkù márùn-ún láti apá márùn-ún, kí ẹ fi ìka bo sítíkà wọn. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ kọ lẹ́tà tí ẹ̀yin fún un sílẹ̀, kí ẹ tó ṣí ìka. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá bára mu, ẹni tó ń lẹ sítíkà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí mẹ́ta bá ga ju tiyín lọ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iye náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ burúkú kún un. Bí wọ́n bá sì rẹlẹ̀ ju tiyín lọ, ẹ ti rí ṣọ́ọ̀bù tó yẹ kí ẹ máa padà sí.

Ẹ wo bí àpótí tuntun-dé ṣe ń yí padà láàárín ìgbà méjèèjì tí ẹ lọ. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń kó ọjà jáde. Ẹni tó mọwọ́ lè yẹ àwo 20 sí 30 wò ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù tó ní 5,000 yóò gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin bí ẹ bá fẹ́ wo gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òǹkàwé apá tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dé, kí ó tó rẹ̀ wọ́n.

Ẹ gbé àwo díẹ̀ lọ láti tà fún wọn pẹ̀lú. Iye tí wọ́n ń dá lé e kì í sábà kọjá ìdajì ohun tí wọ́n yóò tà á, ìyẹn kì í sì í ṣe ìrẹ́jẹ: wọ́n ní láti fọ̀ ọ́, kí wọ́n san owó ilé, kí wọ́n sì dúró de ẹni tí yóò rà á. Ohun tí ẹ ó kọ ni ìyàtọ̀ láàárín owó ọwọ́ àti èyí tí wọ́n ń fi ọjà san. Ti ọjà sábà pọ̀ jù, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ju àwọn mìíràn lọ.

Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì ya ojú oníbàárà mìíràn. Ẹ kọ irú orin tí ẹ wá sínú àgbéyẹ̀wò náà, kí ẹni tó ń wá ohun mìíràn má bàa rò pé òun ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ dé, torí ṣọ́ọ̀bù aládàáni máa ń yí àkókò ṣíṣí padà láìkéde rẹ̀, ẹni tó bá sì kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà yóò mọ̀ pé kí òun kọ́kọ́ pe wọ́n.